Géèmù Ọlọ́wọ́ Méjì

Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń ta ìbẹ̀rù lọ́jà, èmi ni ǹ bá jẹ́ alájàpá rẹ̀. Kò purọ́ mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Èjìgbò wá sí Àbíjàn, kò sí òwúrọ̀ kan tí mo jí tí àyà mi ò kọ́kọ́ já kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo bẹ̀rù ọlọ́pàá. Mo bẹ̀rù Faransé. Mo bẹ̀rù kí ọ̀gá mi má baà lé mi. Mo bẹ̀rù kí n má baà kú síbẹ̀ kí wọ́n má mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó bà mí lẹ́rù nílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó tó ọjọ́ tí mo dúró níwájú tábìlì ọkùnrin kan ní Siporex, tó ní kí n mú géèmù kan nínú mẹ́ta.

Àbẹ̀ní ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ fún ìyá mi. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Mo sọ fún gbogbo ilé pé ọdún kan péré ni màá lò, pé tí mo bá ti rí nǹkan dì mú, màá padà wá mú un. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ nìyẹn. Agbo ilé tí kò ní ẹni tó wà ní Àbíjàn níbẹ̀ kò wọ́pọ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní òun máa pẹ́. Ọdún kan mi di méjì. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lápá òkè, ọ̀nà dàrú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwa àlejò bí ẹni tó jí nǹkan wọn. Nígbà tí màá fi gbójú sókè, ọmọ ti pé ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo kọ́kọ́ dé sí, ní Abobo, àdúgbò kan ní Àbíjàn. Àǹtí là ń pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí onílé wa, obìnrin ẹ̀yà Júlà kan tó sanra, tó sì lọ́yàyà. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ tú iyanrìn kiri, ó sì ń bi mí ní Faransé pé kí là ń wá. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, n kò sì lè dìde torí kò tíì dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ làwa méjèèjì ṣe wà nílẹ̀ títí Àǹtí fi jáde bá wa, tí ẹ̀rín sì pa á débi pé ó jókòó. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ sunkún. Mo ń rò ó pé ibi tí wọn ò ti mọ̀ pé ènìyàn ń kí wọn, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ìgbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́.

Àǹtí fi mí sọ́dọ̀ onídìrí kan ní Siporex, ní àdúgbò Yopougon. Gbàká ni mo ń wọ̀ lọ, bọ́ọ̀sì kékeré tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé, tí ọmọ ọkọ̀ á máa so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi kì í sùn nínú ọkọ̀ yẹn bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, kí wọ́n má baà gbé mi kọjá. Ní ṣọ́ọ̀bù, Nago ni wọ́n ń pè mí, torí orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo fi ń gbá irun nílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti Biétry níbi tí àwọn olówó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹlòmíràn di irun òun àfi Nago. Mo sáré lọ ẹ̀yìn ilé lọ fomi bọ́jú. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ìròyìn ayọ̀ tí kò lẹ́ni tó máa gbọ́ ọ máa ń dun ènìyàn.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pe ilé. Kàbíìnì kan wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa: tábìlì kan, fóònù kan, ọmọbìnrin kan tó ń wo aago bí ẹni ń wo ọmọ tó lè jalè. Ìyá mi á kọ́kọ́ kí mi, á ròyìn ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú, á wá na fóònù sí Àbẹ̀ní. Ohun kan náà ni Àbẹ̀ní máa ń sọ.

"Ẹ káàsán mà. Mo wà dáadáa mà. Ẹ gba Màmá."

Ìyá mi ló ń pè ní Màmá. Èmi ni Màmá Àbíjàn. Kò rí mi fín, wọ́n kọ́ ọ dáadáa, ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó pásítọ̀ ló ṣe ń kí mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti kúrò nínú yàrá Àǹtí, mo ti gba yàrá tèmi nínú àgbàlá kan náà. Mo ti bá ilé ẹ̀kọ́ kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n mú ọmọ náà wá kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré. Mo wá sọ fún ìyá mi pé àkókò tó. Ìyá mi ní òun ti bá Àbẹ̀ní sọ ọ́, Àbẹ̀ní ní òun ò lọ. Ó ní òun ò mọ̀ mí.

Mo ní ọmọ kékeré ni, kí wọ́n ṣáà gbé e sọ́kọ̀. Ọmọbìnrin kàbíìnì wo aago.

"N ò ní fi tipátipá gbé ọmọ sínú bọ́ọ̀sì," ni ìyá mi wí. "Tó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń lọ, n ó di ẹrù rẹ̀. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ pé kò wu òun náà kí ọmọ lọ. N kò lè bínú sí i. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ibà ń dà á láàmú? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jẹun yó mọ́. Mo ń rò ó pé tí ọmọ yìí ò bá wá lọ́dún yìí, kò ní wá mọ́. Á di ọmọge, á lọ́kọ, èmi á sì di ẹni tí wọ́n ń fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kó tó sọ pé kí n gba Màmá, mo yára bi í pé kí ló fẹ́ kí n rà fún un. Mo rò pé á ní bàtà lòun fẹ́. Ó mí sínú fóònù. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ rí.

"Mo fẹ́ géèmù. Èyí tó ní ọwọ́ méjì."

Mo ní màá rà á. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bi í ní ọ̀rọ̀ kankan sí i. Gbogbo ọ̀nà Abobo ni mo fi ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè, ọwọ́ méjì, ọwọ́ méjì, kó má baà bọ́ lórí mi.

Séyídù ni orúkọ ọkùnrin tó ń ta géèmù ní Siporex. Ẹrù tó ti ilẹ̀ Faransé wá, tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò, ló kún orí tábìlì rẹ̀. France au revoir ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Àbíjàn, bíi kéèyàn sọ pé Faransé, ó dàbọ̀. Ó kó mẹ́ta síwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó tóbi, síídì ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀, ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Èkejì dúdú, ó jẹ́ tuntun díẹ̀, ìyẹn náà kò lè ṣe láìsí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀kẹta kéré, ó ní ojú tirẹ̀ láàárín, bátìrì ló ń lò, èèyàn lè fi sápò. Mo ní kó fún mi ní èyí tó dára jù.

"Tantie, y a pas meilleur," ló wí. Ó ní àǹtí, kò sí èyí tó dára jù, pé èyí tó bá ẹni tó fẹ́ lò ó mu ni kéèyàn rà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ta ló fẹ́ lò ó? Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Ṣé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn, àbí ìjà, àbí èyí tí wọ́n ń sáré nínú rẹ̀? N kò mọ̀. Ṣé ó ti gbá a rí? N kò mọ̀. Ṣé ó ń fi sùúrù ṣe nǹkan, àbí inú rẹ̀ máa ń yára ru? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ kéré? Mo na ọwọ́ mi wò bí ẹni pé tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀.

Séyídù wò mí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí èèyàn ṣe ń bi oníbàárà léèrè ló ṣe bi mí.

"Mais tantie, tu connais pas ton enfant?"

Ṣé n kò mọ ọmọ mi ni. Ilẹ̀ ò là kí n wọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni mo wá fà yọ, mo sì sọ ọ́ ní Faransé tí mo rò pé ó já gaara. Mo ní èyí tó jẹ́ ti "deux mains", ọwọ́ méjì, ló fẹ́.

"Deux mains?" Ojú Séyídù mọ́lẹ̀. Ó gbé èyí kékeré, ó ní kí n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e lé wọn. Ọwọ́ ọ̀tún dì í mú lápá kan, ọwọ́ òsì lápá kejì. "Voilà. Deux mains."

Ó sì bá ọgbọ́n mu. Iná kì í dúró ní Èjìgbò, ìyá mi ló sì ni tẹlifíṣọ̀n, ìròyìn nìkan ló fẹ́ràn láti máa wò lórí rẹ̀. Ọmọ á lè gbé èyí lọ ibikíbi, kò ní bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Bí mo ṣe ń rò ó lọ bẹ́ẹ̀ ló ń dára sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Séyídù ní Júlà, i ni cé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní y a fohi, kò sí wàhálà.

Àwọn sójà dá gbàká wa dúró lọ́nà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí àwa àlejò sọ̀kalẹ̀. Mo mú káàdì tó fún mi láṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn tú báàgì mi, ó rí géèmù, ó tàn án. Ó dúró síbẹ̀, ìbọn léjìká, ó ń tẹ̀ ẹ́. A ń wò ó. Nígbà tó ṣe, géèmù náà ké fíín, ọmọ tó ń mú sá nínú rẹ̀ ti kú. Sójà náà pòṣé, ó dá a padà fún mi, ó ní ká máa lọ. Mo fún un mọ́ àyà títí mo fi délé.

Ìyá ìjọ wa kan tó ń lọ sílé ló bá mi mú un lọ. Mo ń retí ọjọ́ Àìkú bí aláboyún ṣe ń retí oṣù rẹ̀. Ọjọ́ náà pé, mo pè, Àbẹ̀ní gba fóònù.

"Ẹ ṣé mà. Ó dára mà. Ẹ gba Màmá."

Mo bi ìyá mi pé ṣé kò ṣiṣẹ́ ni. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní Àbẹ̀ní tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó pa á, ó sì gbé e lórí àpótí. Mo ní kí ló dé, ṣebí èyí tó fẹ́ nìyẹn, ọlọ́wọ́ méjì. Ìyá mi rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dùn mọ́ mi. Ó ní géèmù kan wà nílé aládùúgbò, tí okùn méjì jáde lára rẹ̀, tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń dì mú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló máa ń jókòó tì í. Bí Àbẹ̀ní bá dé, wọ́n á ní kó lọ mú ẹnìkejì rẹ̀ wá. Kò sì ní ẹnìkejì.

"Ó ní èyí tí o rà, òun nìkan náà ni yóò tún máa dá gbá a," ni ìyá mi wí.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì kàbíìnì, àwọn ará ìjọ ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mò ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi kò lọ́jú pọ̀. Ọwọ́ méjì. Ká ní mo wà ní Èjìgbò, ǹ bá rí i lójú rẹ̀, ǹ bá rí i níbi tó ń nàka sí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo wá mọ ohun tí wọ́n ń wí. Èmi gbọ́ ọ lórí wáyà, mo gbé e wọnú Faransé, mo ní "mains", géèmù tó sì jáde wá ni èyí tí wọ́n ń dá gbá. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Ọmọ sọ òótọ́, mo sọ òótọ́, Séyídù sọ òótọ́. Báyìí lọ̀rọ̀ àwa tá a wà lẹ́yìn odi ṣe rí. Ní Àbíjàn mo jẹ́ Nago, ní Èjìgbò mo jẹ́ ará Àbíjàn, èdè méjèèjì sì ń já mi kulẹ̀ níbi tí mo ti nílò wọn jù.

Mo padà sọ́dọ̀ Séyídù. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, okùn kan níbí, okùn kan lọ́hùn-ún. Ó lu tábìlì.

"Mais tantie, fallait dire deux manettes."

Manette. Bí wọ́n ṣe ń pe ọwọ́ géèmù nìyẹn. Mo bínú sí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé èèyàn ni. Ó gbé èyí aláwọ̀ eérú jáde, ó so ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, ó ní kí n jókòó ká dán an wò, kí n lè rí i pé méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ni. N kò lè mú ọmọ inú rẹ̀ rìn tààrà, ṣe ló ń lọ forí sọ igun pápá. Séyídù bi mí pé ta ló máa bá mi gbé e lọ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní èmi fúnra mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́.

Kò sí alẹ́ kan lẹ́yìn ìgbà yẹn tí n kò yí ìpinnu náà padà. Tí wọn ò bá jẹ́ kí n padà wọlé ńkọ́? Tí ọ̀gá mi bá fi ẹlòmíràn rọ́pò mi ńkọ́? Tí mo bá dé, tí ọmọ bá wò mí lójú tó sọ níwájú gbogbo ilé pé òun ò lọ, ojú wo ni màá fi padà? Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ fún wa bí àyà onílé ṣe máa ń já tó bá dé ẹnu ọ̀nà.

Síbẹ̀ mo lọ. Nígbà tí mo dé Èjìgbò, Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ga. Ó gbé orí bàbá rẹ̀, ó sì gbé ọrùn mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó gba báàgì, ó bu omi wá fún mi, ó jókòó sí ibi tó jìnnà díẹ̀. Ìyá mi ń wo èmi, ó ń wo òun. N kò sọ nǹkan kan nípa Àbíjàn. Mo tú géèmù sílẹ̀, mo gbé okùn méjèèjì jáde.

Ó sún mọ́ mi nígbà náà. Òun ló so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, n kò mọ ojú ihò tí wọ́n ń kì í sí. Ó mú ọwọ́ kan, ó fa èkejì wá síwájú mi. "Ẹ mú tiyín," ló wí. Ẹgbẹ́ kan náà ló fi wá sí. Ó ní kí n má tẹ èyí, kí n tẹ ìyẹn. Ó ní tí òun bá ti sá lọ síwájú, kí n gbá bọ́ọ̀lù sí òun. Ó ń fi sùúrù kọ́ mi, mo sì ń fi ojú kó gbogbo rẹ̀: ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó ń fi eyín jẹ ètè lápá òsì tí ọ̀rọ̀ bá le, ọwọ́ rẹ̀ gùn. Sùúrù náà wá tán. Mo di bọ́ọ̀lù mú, mo ń wá ibi tí màá tẹ̀, ó sì ń sá nìkan níwájú.

"Gbá a sí mi. O ò rí mi ni?"

Ìyá mi gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ta ni Àbẹ̀ní ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn. Ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wò mí, ẹ̀rù bà á. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. N kò lè ṣàlàyé bí "o" yẹn ṣe dùn mọ́ mi nínú tó. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí àlejò.

A ò tíì jẹ góòlù kankan tí wọ́n fi mú iná lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n di dúdú, ooru ọ̀sán wọlé bá wa. Àbẹ̀ní kò gbé ọwọ́ géèmù sílẹ̀. Ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Ní Àbíjàn, ta lẹ máa ń bá gbá a?"

Mo ní kò sẹ́ni.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé?"

Mo ní èmi nìkan ni. Ó ronú sí i. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní mọ̀ ọ́n gbá láé, pé èèyàn ò lè dá a kọ́. Ó wá bi mí, bí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn, pé ọjọ́ wo ni bọ́ọ̀sì Àbíjàn máa gbéra.

Ìyá mi ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló dá a lóhùn, kò yíjú wò wá.

"Ọjọ́ Sátidé ni," ló wí. "Lọ kó aṣọ rẹ wá ká fọ̀ ọ́."